Gígòkè àti Sísọ̀kalẹ̀ Ìfúnpá: Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn ọmọ ìlú Adó-Àwáyè

      

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni ti ìfúnpá tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀, lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti ohun tí ìyẹn ń ṣe sí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gun òkè Adó rí ti mọ ìdajì rẹ̀.

Àtẹ̀gùn 369

Àtẹ̀gùn 369 ni àlejò ń gùn kí ó tó dé orí òkè tí adágún Ìyàkẹ́ wà. Kí ẹsẹ̀ tó tẹ ọgọ́rùn-ún, àyà ti ń lù kìkì, òógùn ti bo iwájú. Bí nọ́ọ̀sì kan bá dúró sí agbede ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìfúnpá tó jẹ́ 120 nísàlẹ̀ òkè lè ti kọjá 160. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹsẹ̀ ló ń béèrè ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì ń dá a lóhùn. Bí onítọ̀hún bá jókòó létí Ìyàkẹ́, tí atẹ́gùn orí òkè fẹ́ sí i lára, kò ní pẹ́ tí ìfúnpá yóò fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ara tó pé mọ ìgbà tó yẹ kó gòkè, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Lára ẹni tó ti bá àtọ̀gbẹ gbé fún ọdún pípẹ́, ètò yìí a máa dàrú. Ìfúnpá a gòkè níbi tí kò sí òkè, a já lulẹ̀ nígbà tó yẹ kó dúró, a sì wà lójúfò lóru nígbà tó yẹ kó sùn.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi yé gbogbo wa nìyí: iye kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sínú káàdì lọ́jọ́ tí a lọ sí ọsibítù kò tó láti jẹ́rìí sí ìlera iṣan ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ. Bí iye náà ṣe ń yí padà láti àárọ̀ dé alẹ́, láti oṣù kan dé òmíràn, ẹ̀rí ni ìyẹn náà.

Láti apá ọdẹ dé apá aláìsàn

Ọ̀rọ̀ náà, ìfúnpá, ti wà lẹ́nu wa kí ẹ̀rọ tó dé. Oògùn tí ọdẹ àti jagunjagun ń so mọ́ apá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń fún apá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń wé aṣọ tó ń wú mọ́ apá kan náà, orúkọ àtijọ́ bá iṣẹ́ tuntun mu.

Kò rọrùn kí ayé tó dé ibẹ̀. Ní 1733, Stephen Hales, àlùfáà ìjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ki ọ̀pá sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ẹ̀jẹ̀ náà sì gòkè nínú ọ̀pá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ta ni yóò gbà kí wọ́n ṣe ìyẹn sí òun? Ní 1896, Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, ṣe aṣọ tó ń wú mọ́ apá. Ní 1905, Nikolai Korotkoff ti Rọ́ṣíà fi kún un pé kí a gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan apá bí aṣọ náà ṣe ń rọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa dòní.

Iye méjì ni wọ́n máa ń kà. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún lù.

Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Yorùbá ti fi orúkọ sọ àmì rẹ̀: ìtọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró, tí ara fi ń gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n inú ìtọ̀ kọ́ ni ìjà wà. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni.

Òwú, òkúta àti iṣan

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìsẹ́yìn, ilé aṣọ òfì. Ahunṣọ jókòó sídìí òfì rẹ̀, òwú tó fẹ́ hun nà lọ síwájú rẹ̀ réré, ẹrù òkúta sì wà ní ìparí òwú náà tó dì í mú. Bí ó ṣe ń hun ún ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ òkúta yìí ni pé kí òwú má rọ̀ jù, kí ó má sì le jù. Bí ẹnì kan bá ń fa òwú náà gbọnrangandan, tó tún ń dẹ̀ ẹ́ lójijì, tó tún ń fà á, ibi tó tínrín jù lọ ni yóò ti já.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà nílò irú òkúta yẹn. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Iṣan ńlá tó tinú ọkàn jáde a máa fẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá rọ́ wọ inú rẹ̀, a sì sún padà bíi rọ́bà láti ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tó jáde bí ìkúùkù láti inú ọkàn á dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti kíndìnrín bí odò tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà tó tẹ́ inú gbogbo iṣan. Òun ló ń tú gáàsì tí wọ́n ń pè ní nitric oxide jáde, gáàsì tó ń sọ fún iṣan pé kó dẹra. Àwárí iṣẹ́ gáàsì yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998 fún Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ní Amẹ́ríkà.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣúgà tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ ara ló ń ba awọ yìí jẹ́ nígbà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Awọ náà kò ní lè tú gáàsì tó tó jáde mọ́, iṣan kò sì ní lè dẹra bó ṣe yẹ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń din àkàrà, ẹ mọ bí ẹ̀wà lílọ̀ tó funfun ṣe ń pọ́n nínú epo gbígbóná. Lára ohun tó ń fún un ní àwọ̀ yẹn ni pé ṣúgà inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ purotéènì. Louis Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara alátọ̀gbẹ láìsí iná, láàárín oṣù àti ọdún. Ṣúgà a lẹ̀ mọ́ àwọn fọ́nrán tó ń jẹ́ kí iṣan fà, a so wọ́n pọ̀, iṣan a sì le. Bákan náà ló ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò HbA1c ti ń mọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Iṣan tó ti le kò lè gba ìkúùkù ọkàn mọ́ra mọ́. Iye òkè a ga, iye ìsàlẹ̀ a wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà alátọ̀gbẹ kan fi lè rí 168/70 nínú káàdì rẹ̀, tí yóò máa yọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ dára. Àlàfo ńlá tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni àmì pé iṣan ti gan.

Ọjọ́ kan nínú ayé àgbẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan, ẹni ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀, tó ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́tàlá. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó.

Ìdájí ni bàbá jí láti kírun. Ó dìde lórí ẹní wùyà, òòyì kọ́ ọ, ó di ògiri mú. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọrùn ènìyàn, nínú ògiri iṣan, ni olùṣọ́ wà tó ń wo ìfúnpá ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá dìde, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ya sí ẹsẹ̀, òun ló ń ránṣẹ́ sí ọkàn àti iṣan pé kí wọ́n fún un padà sókè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àmọ́ àtọ̀gbẹ ti ba okùn tí olùṣọ́ yìí fi ń ránṣẹ́ jẹ́. Bí iye òkè bá já wálẹ̀ tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ènìyàn dìde, àwọn dókítà gbà pé àmì àìsàn ni. Ará ilé lè rò pé ebi ló ń pa bàbá.

Ní agogo mẹ́wàá, ó jẹ àmàlà tó kún abọ́. Ẹ̀jẹ̀ ya sí ikùn láti dà á, ìfúnpá sì tún wálẹ̀, bàbá ń tòògbé. Lọ́sàn-án, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú lóko, ó ti tọ̀ nígbà mẹ́rin, omi ara ti dín kù. Ó ti lo oògùn ṣúgà láàárọ̀ ṣùgbọ́n kò tún jẹun. Ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń já, ara tú èròjà ìpayà jáde, ìfúnpá sì fò sókè.

Lálẹ́, ó yẹ kí ìfúnpá dín ní ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe ń sùn. Ti bàbá kò dín. Gbogbo òru ni iṣan rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Kò sì sí ẹni tó máa mọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wọn ìfúnpá ní agogo méjì òru.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n wọn ìfúnpá bàbá, ó jẹ́ 128/78. Inú rẹ̀ dùn: “BP mi ti wálẹ̀.” Ó pa oògùn tì. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Nígbà tí oògùn kúrò, ó padà gòkè. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó wá lo méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òwú ti le, ó ti dẹ̀, ó tún ti le.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí ńlá kan lórí àtọ̀gbẹ, UKPDS, bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Nínú apá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, wọ́n pín alátọ̀gbẹ 1,148 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sí ọ̀wọ́ méjì. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ ìfúnpá wọn lójú méjèèjì ní 144/82 ní ìpíndọ́gba. Àwọn yòókù ní 154/87. Ìyàtọ̀ mẹ́wàá péré lókè. Síbẹ̀, rọpárọsẹ̀ dín kù láàárín ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú tó tinú àtọ̀gbẹ wá sì dín kù ní ìdá 32.

Lẹ́yìn náà ni ojú tún là sí ìgòkè-sọ̀kalẹ̀. Ní 2010, Peter Rothwell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń yàtọ̀ gan-an láti ìgbà kan tó lọ sí ọsibítù sí òmíràn wà nínú ewu rọpárọsẹ̀, bí ìpíndọ́gba rẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀. Ìwádìí ADVANCE, tó kó alátọ̀gbẹ 11,140 jọ láti orílẹ̀-èdè 20, wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára alátọ̀gbẹ: bí ìyípadà náà ṣe pọ̀ tó ni ewu fún iṣan ńlá àti iṣan kéékèèké ṣe pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ìyípadà yìí ló ń ba iṣan jẹ́, tàbí iṣan tó ti bàjẹ́ ló ń fa ìyípadà. Ó jọ pé méjèèjì ń ti ara wọn lẹ́yìn.

Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni? Rárá. Ẹ wo Ìgbò-Ọrà, ní Ìbàràpá, tí kò jìnnà síhìn-ín. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Richard Cooper, Charles Rotimi, Babatunde Osotimehin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ìfúnpá àwọn àgbẹ̀ Ìgbò-Ọrà àti ará Ìdíkàn n'Ìbàdàn, wọ́n sì fi wé ti àwọn ènìyàn dúdú ní erékùṣù Kàríbíà àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí babańlá ọ̀pọ̀ wọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ. Èsì jáde ní 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ti àtọ̀gbẹ náà tọ ipa kan náà: 2 ní Nàìjíríà, 9 láàárín àwọn ará Kàríbíà, 11 ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìran kan náà ni, oúnjẹ, ara sísanra àti ìnira ayé ló yàtọ̀.

Ìtùnú ni ìyẹn jẹ́ fún wa nígbà náà. Kì í ṣe ìtùnú mọ́. Ìwádìí gbogbo Nàìjíríà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, àgbà nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ṣe alága rẹ̀, sọ ní 1997 pé alátọ̀gbẹ jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, ó ti di 5.8. Ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀, mínírà ti gba ipò omi, búrẹ́dì ti wọ inú oko.

Ibi tí òwú ti ń já

Ojú ni ibi tí dókítà ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí iṣan ẹ̀jẹ̀ láìfi abẹ kan ara. Láti 1851 tí Hermann von Helmholtz ti Jámánì ti ṣe ẹ̀rọ fún un ni wọ́n ti ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kì í dun ènìyàn. Ìgbà tí ìríran bá ti lọ ni aláìsàn ń mọ̀.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ kéékèèké tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ìfúnpá tó ń fò ń lù wọ́n ya, purotéènì a sì máa jò sínú ìtọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ lè rí i ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Ẹsẹ̀ ni ti àgbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ìmọ̀lára ti kú, ẹ̀gún wọlé láàárọ̀, alẹ́ ni a ń rí ẹ̀jẹ̀. Egbò kékeré a sì di ọ̀rọ̀ abẹ.

Ọpọlọ, níbi tí rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ló gbẹ̀yìn. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú rẹ̀, fi àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana, 2,118, wé iye kan náà tí kò ṣe. Nínú èsì tó jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ wà níbẹ̀, àìrìn wà níbẹ̀, àìjẹ ewébẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ọwọ́ wa tó.

Ohun tí ọwọ́ Adó-Àwáyè tó

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ohun àkọ́kọ́ ni ká mọ bí a ti ń wọn ìfúnpá. Kí ènìyàn jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbádọ́gba àyà. Kí ó ti tọ̀ tán, kí ó má sọ̀rọ̀. Obì ń mú ìfúnpá ga. Kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. A kì í wé aṣọ ẹ̀rọ lé ọwọ́ agbádá. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀. Fún alátọ̀gbẹ, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dìde dúró, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti mẹ́ta. Kí ó máa wọ̀n ọ́n nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó lọ rí dókítà, kí ó sì mú ìwé náà dání. Fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, ohun tí dókítà ń wá ni kí ó wà lábẹ́ 130/80, ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì ń kọ́ lè nílò ìwọ̀n mìíràn.

Ẹ̀rọ wọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan tó lè dá aṣọ ọdún lè ra ẹ̀rọ kan. Àjọ tí a ń dá fún ọjà lè ní apá kan fún oògùn, kí oògùn má baà tán ní ìparí oṣù. Oògùn ojoojúmọ́ ni òkúta tó ń di òwú mú. Dókítà nìkan ló yẹ kó yí i padà. Àwọn tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí wọ́n rí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n lè ṣètò oògùn sí sààrì àti ìṣínu.

Oúnjẹ wa kì í ṣe ọ̀tá. Kí òkèlè kéré, kí ewédú, ilá àti ẹ̀fọ́ pọ̀. Irú Òkè-Ògùn ń ta sánsán débi pé iyọ̀ àti Maggi lè dín kù lójú kan náà. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan, tí oúnjẹ oríṣiríṣi fi ń wọlé, kò yẹ kó kọjá ṣíbí tíì kan. Kí bàtà wà lẹ́sẹ̀ lóko, kí a máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́. Bí a bá dìde lóru, ká kọ́kọ́ jókòó sétí ibùsùn díẹ̀. Òkè náà ń bẹ níbẹ̀: ẹni tí dókítà bá gbà láàyè, kí ó máa gun ìwọ̀nba àtẹ̀gùn tí agbára rẹ̀ gbé, kí ó sinmi, kí ó sọ̀kalẹ̀.



  Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ti tẹ́ tábìlì àti ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọn ìfúnpá kọ́kọ́ bọ́ agbádá, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì dákẹ́. Wọn yóò tún ní kí ó dìde dúró, wọn yóò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.